Abẹ́rẹ́ ASF tí wọ́n ń gbé kiri ní Ọ̀dẹ̀dá: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi?

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá · Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin kan ń gun ọ̀kadà kiri ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá níbí, ó gbé kúlà kékeré kan dání, ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ASF (African Swine Fever, ibà tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀) ló wà nínú rẹ̀. ₦3,000 ló ń gbà lórí ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àtìyá àtọmọ. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ tí òun bá ti gún, ó ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn yẹn fún ọdún kan gbáko. Ó ti ṣe ti àwọn méjì kan ládùúgbò wa, ó sì ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ọjọ́bọ̀.

Abo méjìlá ni mo ní, akọ kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo ń sìn de Kérésì. Owó tí mo yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi kọ́ ilé wọn, mi ò tíì san án tán. Ẹ̀rù ASF ń bà mí débi pé tí ọ̀kan bá ti kọ oúnjẹ lálẹ́, mi ò ní sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye. Ṣé abẹ́rẹ́ yìí wà lóòótọ́? Tí kò bá sí, àwọn abẹ́rẹ́ wo gan-an ló yẹ kí n máa gún fún wọn?

Ìyá Ìbejì Ọbańtokò · Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àgbẹ̀. Mo mọ ọkùnrin tí ẹ ń sọ, ó dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ó gún ti aládùúgbò mi kan, ó ti ṣe díẹ̀, kò sí èyí tó kú nínú wọn títí di òní. Èmi náà ń rò ó. ₦3,000 kò tó nǹkan lára owó ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dàgbà, ẹni tí kò bá sì tíì rí ibi tí gbogbo ẹran inú ọgbà ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò mọ ohun tó ń lé wa kiri.

Ọmọ Adìgbẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Abẹ́rẹ́ ASF wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí láyé. Vietnam fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní NAVET-ASFVAC ní 2022, wọ́n sì fọwọ́ sí AVAC ASF LIVE ní 2023. Inú ìwádìí àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ni ti àkọ́kọ́ yẹn ti jáde. Tí oògùn bá ti wà ní orílẹ̀-èdè kan, àwọn oníṣòwò wa á bá a wá síbí, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé kí ló dé tí ìjọba kò rà á wá fún wa, tó fi jẹ́ pé ọlọ́kadà ló ń gbé e kiri?

Bàbá Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀

Àgbẹ̀, ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin yẹn wọ ọgbà rẹ. Mo fẹ́ kí o ka gbólóhùn yìí kí o tó ka ìyókù.

Mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kí àrùn yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1997 ló wọlé láti Orílẹ̀-èdè Benin, tó sì gba gúúsù ìwọ̀ oòrùn kan. Nígbà yẹn a ò mọ orúkọ tí à bá pè é. À ń gún ẹran ní oògùn, à ń ro ewé, wọ́n ń kú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa kúrò nídìí ẹlẹ́dẹ̀, wọn kò padà mọ́. Nígbà tó tún di 2020, tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ Kòrónà, ó wọ Òkè-Àró ní ẹnu ààlà Ògùn àti Èkó, níbi tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ ti so kọ́ra bí ilé adúgbò. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè ohun tí ojú wọn rí.

Ṣé o mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ tí o kọ? Kì í ṣe ₦3,000. Ọkùnrin yẹn ti wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ Lágbájá, ó ti wọ ti Tàmẹ̀dò, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Ọjọ́bọ̀. Bàtà kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ni. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́rẹ́ kan náà ló fi ń gún gbogbo wọn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn ASF pọ̀ sí jù. Tí ẹran kan bá ti ní in nínú ọgbà tó ti ń bọ̀, tí kò tíì hàn lójú rẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn á gbé e fún ìkejì, fún ìkẹta, títí tá á fi kan tìrẹ. O máa fi owó rẹ ra ikú wọlé.

Ìyá Ìbejì Ọbańtokò · Ọjọ́ Ajé, 9:58 àárọ̀

Háà, Bàbá. Mi ò ronú kan ti abẹ́rẹ́ yẹn rárá. Lójú mi báyìí ló ń gún ti aládùúgbò mi, kò pààrọ̀ ẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá · Ọjọ́ Ajé, 10:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ń bá mi jà ní ìhà kejì náà. Tí mo bá lé e padà, tí àrùn wá dé ní oṣù tó ń bọ̀, ṣé mi ò ní sọ pé ìbá ṣe pé mo gbà? Ṣé dókítà ẹran kankan wà níbí? Ẹ bá wa dá sí i.

Dókítà Àlàbàtà · Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Dókítà ẹran ni mí, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ ni mo ń tọ́jú jù. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ASF kankan tí wọ́n fọwọ́ sí pé ká máa lò ní Nàìjíríà. Kò sì sí oògùn tó ń wo àrùn náà. NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀, tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1924, ni ìjọba ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹran fún wa. Wọ́n ń ṣe ti adìẹ, wọ́n ń ṣe ti màlúù, wọ́n ń ṣe ti ewúrẹ́ àti àgùntàn. ASF kò sí lára wọn. Nítorí náà, ohun yòówù tó wà nínú kúlà ọkùnrin yẹn, kò gba ọ̀nà tó tọ́ dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ Adìgbẹ́, òótọ́ lẹ sọ nípa Vietnam, ó sì dára bí ẹ ṣe ń kàwé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ìtàn yẹn dé ìsàlẹ̀. Ní August 2022, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn ìfọwọ́sí, wọ́n dá abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn dúró fún ìgbà kan, torí ẹlẹ́dẹ̀ kú níbi tí wọ́n ti gún un fún àwọn tí kò yẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ tí à ń sìn fún ẹran, tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kan lọ gún un fún abo tó ń bímọ. Fáírọ́ọ̀sì ASF tó wà láàyè ló wà nínú ìgò náà, wọ́n kàn yọ nǹkan lára rẹ̀ kó má baà lágbára mọ́ ni. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba àbójútó. Àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ ọ bóyá ó lè padà le bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí kó dàpọ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì tó wà nígbó.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn nínú ìròyìn. Fáírọ́ọ̀sì ASF kò jẹ́ oríṣi kan. Ara oríṣi Kejì ni wọ́n ti ṣe àwọn abẹ́rẹ́ Vietnam wọ̀nyẹn. Oríṣi Kìíní ló ti wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti ọjọ́ pípẹ́, kó tó di pé wọ́n rí oríṣi Kejì ní Nàìjíríà nínú àjàkálẹ̀ 2020. Àwọn méjèèjì ni à ń bá yí báyìí. Tí a bá ra ti Vietnam lónìí, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa dáàbò bò wá lọ́wọ́ oríṣi Kìíní.

Àgbẹ̀, ẹ yà fọ́tò ìgò yẹn tí ẹ bá rí i, láti ẹnu géètì o, kí n rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo ń padà bọ̀ wá dáhùn ìbéèrè yín kejì, torí òun ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Ọmọ Adìgbẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 2:11 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Dókítà. Mi ò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ oríṣi yẹn tẹ́lẹ̀, ó yé mi báyìí. Àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Gbogbo ìgbà tí a bá ti béèrè ààbò, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ká mọ ògiri, ká ra bàtà, ká pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó ní ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, níbo ló ti máa rí owó ògiri? Abẹ́rẹ́ nìkan ni ohun tí tálákà lè rà.

Dókítà Àlàbàtà · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ọmọ Adìgbẹ́, mo gbọ́ yín, inú kò sì bí mi. Bàbá Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ lè sọ̀rọ̀ lórí èyí tí kò gba owó, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dá Àgbẹ̀ lóhùn. Àwọn àrùn kan wà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn dájú, tó ti pẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gún wọn, torí ASF ti gba gbogbo ọkàn wa. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá pè mí síbi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti kú, tí mo sì rí i pé èyí tó pa á, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí igbá.

Erysipelas ni olórí wọn. Inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ni bakitéríà rẹ̀ máa ń wà, ó sì máa ń wà ní ọ̀fun ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ le koko. Tí ooru bá mú tàbí tí wàhálà kan bá bá ẹran, ó lè dìde lójijì. Ara ẹlẹ́dẹ̀ á gbóná dé 41 tàbí 42 lórí ìwọ̀n Celsius, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 39 ló yẹ kó wà. Kò ní fẹ́ dìde. Tí ẹ bá gbé e dìde, á máa rìn bí ẹni tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Lára ẹlẹ́dẹ̀ funfun ẹ máa rí àmì pupa onígun mẹ́rin ní ẹ̀yìn àti ìhà. Lára dúdú kò ní hàn lójú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ẹ máa rí i pé ó ga sókè. Àwọn mìíràn á kàn kú mọ́jú láìfi nǹkan kan hàn. Èyí tí kò bá kú lè di arọ, oríkèé rẹ̀ á wú, kò ní tà dáadáa. Pẹnisílì ń wò ó tí a bá tètè bá a. Ẹ̀yin tó ń pa ẹran, ó lè gba ojú ọgbẹ́ wọ ọwọ́ yín, ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́.

Bí a ṣe ń gún ti erysipelas: ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kì í gbà á kó tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, torí ààbò tó mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ máa ń sọ abẹ́rẹ́ náà di asán. Ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá gún ẹ̀ẹ̀kan péré tó sì lọ jókòó kò tíì ṣe é. Akọ á máa gbà á ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Abo á gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó bímọ, kí ààbò náà lè wọ inú wàrà. Ohun tó bá wà lára páálí abẹ́rẹ́ tí ẹ rà ni kí ẹ tẹ̀lé tó bá yàtọ̀ sí èyí.

Èkejì ni ìgbẹ́ gbuuru ọmọ tuntun tí bakitéríà E. coli ń fà. Ìyá là ń gún, kì í ṣe ọmọ. Inú ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ sí ti èèyàn: ààbò inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Wàrà àkọ́kọ́, èyí tó nípọn tó pọ́n díẹ̀, ló ń gbé e fún un. Ìfun ọmọ á sì ti pa ilẹ̀kùn dé láàárín wákàtí 24. Nítorí náà, tí ẹ bá gún ìyá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó bímọ, tí ẹ tún un gún nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó bímọ, ẹ gbọ́dọ̀ tún dúró níbi ìbímọ, kí ẹ rí i pé gbogbo ọmọ mu ọmú, pàápàá àwọn kéékèèké tí ẹgbẹ́ wọn ń tì dànù. Ọjọ́ 114 ni oyún ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ gígùn sílẹ̀, ẹ máa mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ àrùn parvovirus àti ti leptospirosis wà fún ẹni tí abo rẹ̀ ń bí òkú ọmọ tàbí èyí tó ti gbẹ nínú. Ọ̀dọ́ abo là ń gún kó tó gùn. Kì í wà lórí igbá nígbà gbogbo, ẹ bi fẹ́ẹ̀tì (dókítà ẹran) yín. Àrùn ẹnu àti pátákò náà wà láàárín wa, àwọn màlúù tó ń kọjá ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá lè gbé e wá. Ìyẹn ní oríṣi púpọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá oríṣi tó ń jà mu, nítorí náà ẹ má dá a rà.

Ìyá Ìbejì Ọbańtokò · Ọjọ́ Ajé, 9:17 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, Dókítà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ jọ̀ọ́, èmi máa ń gún abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ kẹta, mo máa ń gún Ivomec ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo sì máa ń gún oxytet tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọn kò tó ní àjẹsára?

Dókítà Àlàbàtà · Ọjọ́ Ajé, 9:34 alẹ́

Màmá, gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe dára, àfi oxytet tí kò ní ìdí yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí àjẹsára kankan nínú wọn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ jẹ́ irin, torí wàrà ẹlẹ́dẹ̀ kò ní irin tó. Ivomec ń lé aràn àti kòkòrò ara. Oxytet ń pa bakitéríà tó wà lára ẹran ní ọjọ́ tí ẹ gún un, tó bá ti tán lára, ó tán nìyẹn. Kò sí èyí tó kọ́ ara ẹlẹ́dẹ̀ ní bó ṣe máa bá àrùn jà lọ́la. Ẹ dá oxytet òjò dúró, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ti erysipelas. Tí ẹ bá sì gún oxytet tàbí Ivomec fún èyí tí ẹ fẹ́ tà, ẹ ka iye ọjọ́ tó wà lára páálí pé kó tó di jíjẹ.

Alápatà Láfẹ́nwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń tà, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń rà á. Mo fẹ́ sọ èyí tí ẹ̀yin àgbẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Tí àrùn bá ti bẹ̀rẹ̀ níbì kan, fóònù mi kì í dákẹ́. Ẹni tí kì í fún mi ní ẹ̀dínwó lójoojúmọ́ á ní kí n wá kó gbogbo rẹ̀ ní ìdajì owó, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo mọ ohun tó fà á. Mi ò dá wọn lẹ́bi, owó ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí mo fi kó o ló máa wá kó ti ẹlòmíì lọ́jọ́ kejì. Mo ti kọ̀ báyìí. Tí ẹ bá pè mí lójijì fún gbogbo ọgbà, mo máa bi yín ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí alápatà wọlé yan ẹran. Ẹ mú u wá sí ẹnu ọ̀nà fún wa, kò sí ohun tó ń ṣe wá, a máa dúró.

Bàbá Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Alápatà, ẹ kú òótọ́. Ohun tí ẹ sọ yìí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ọmọ Adìgbẹ́ béèrè èyí tí tálákà lè ṣe. Bàtà kan wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀ mi, kì í jáde síta láéláé. Èyí tí mo wọ̀ wá láti ìgboro kì í wọlé. Bàtà rọ́bà àlòkù ni mo kọ́kọ́ lò, kò wọ́n. Omi jíkì wà nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìgbẹ́ kúrò, torí jíkì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Mo máa ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́ torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀.

Mi ò gba àjẹkù láti ilé oúnjẹ. Ẹ̀yin tó ń lọ kó àjẹkù ní bùkátéríà fún ẹlẹ́dẹ̀ yín, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n yan, tàbí tó wà nínú fíríìsà, àrùn yìí lè wà nínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tí ẹ ò bá lè ṣe kí ẹ má lò ó, ẹ sè é kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ máa rò ó. Èèpo gbágùúdá, èérí àgbàdo àti PKC (ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò) ni mo fi ń bọ́ tèmi.

Ẹlẹ́dẹ̀ tí mo bá rà, ọ̀tọ̀ ni mo máa ń so ó, jìnnà sí àwọn ìyókù, ó máa lé ní oṣù kan kó tó dara pọ̀. Mi ò yá ẹnikẹ́ni ní akọ, mi ò sì gbé abo lọ gùn níbòmíì. Èyí ló ṣòro jù láti kọ̀ fún ọ̀rẹ́, mo mọ̀, torí à ń ṣe ara wa lóore. Mo ti pàdánù ọ̀rẹ́ kan lórí rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá · Ọjọ́bọ̀, 12:25 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Ọkùnrin náà dé lówùúrọ̀ yìí. Mo lọ bá a ní ẹnu ọ̀nà tí ó wọ ọgbà, mi ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo ní kó fi ìgò náà hàn mí, ó kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá ó nà á sí mi. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Dókítà, ẹ wò ó, èdè òyìnbó tó wà níbẹ̀ ni "Classical Swine Fever Vaccine, Live". Ó ní swine fever náà ni swine fever.

Yìnyín inú kúlà rẹ̀ ti yọ́ di omi tán. Omi yẹn sì gbóná lọ́wọ́.

Dókítà Àlàbàtà · Ọjọ́bọ̀, 1:02 ọ̀sán

Àgbẹ̀, ẹ ṣe é dáadáa gan-an.

Àrùn méjì ni, wọn kò bára wọn tan rárá. Òótọ́ ni pé àmì wọn jọra: ara gbígbóná, etí àti ikùn pípọ́n, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, oyún bíbàjẹ́, ikú. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tí ìgò yìí wà fún kì í ṣe ti ASF, kò sì sí ìdílé kan tó pa wọ́n pọ̀. Ẹ lè gún un fún ẹlẹ́dẹ̀ kan lójoojúmọ́, ASF á pa á bí ẹni pé ẹ ò gún un. Àwọn tó ra èyí ti ná owó wọn, wọ́n á sì máa rò pé àwọn ti ní ààbò, wọ́n á dẹ ọwọ́ lórí bàtà àti géètì. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Abẹ́rẹ́ tó wà láàyè nínú omi gbígbóná sì ti kú. 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni ìwọ̀n òtútù tí a fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ abẹ́rẹ́ àjẹsára, láti ilé iṣẹ́ títí dé ìgbà tó wọ ara ẹran. Kó má gbóná, kó má sì dì. Àwọn olómi bíi ti E. coli, tí yìnyín bá ti mú wọn dì, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà tí wọ́n bá yọ́ padà tí wọ́n sì dára lójú. Tí ẹ bá ń gbé e bọ̀ láti ọjà Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e kí ó má fara kan yìnyín. Ẹ sì bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó ń ṣe tí iná bá lọ ní gbogbo òru. Tí kò bá rí ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́, ẹ lọ síbòmíì.

Ìyá Ìbejì Ọbańtokò · Ọjọ́bọ̀, 1:40 ọ̀sán

Mo ti lọ sọ fún aládùúgbò mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó béèrè pé ṣé ó yẹ kí ẹ̀rù máa ba òun báyìí.

Dókítà Àlàbàtà · Ọjọ́bọ̀, 1:55 ọ̀sán

Ẹ ní tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti gún wọn, tí kò sí èyí tó kọ oúnjẹ, kí ó fọkàn balẹ̀ ní ti abẹ́rẹ́ yẹn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mọ́kàndínlógún ni ASF máa ń farahàn lẹ́yìn tó bá wọ ara. Tí ọ̀kan bá kú lójijì lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n má là á ládùúgbò, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má sọ ọ́ sódò Ògùn. Kí wọ́n pe fẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, wà ní ọ̀nà Àlàbàtà, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn sì wà ní Òkè-Mọ́sàn. Àyẹ̀wò nìkan ló lè ya ASF sọ́tọ̀ kúrò lára erysipelas, ojú lásán kò lè ṣe é. ASF kì í sì mú èèyàn, kí wọ́n má tìtorí ẹ̀rù ìyẹn sin ín lóru.

Ọmọ Adìgbẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbà lórí ti ASF. Ó kù síbì kan. Ìgò erysipelas tí mo béèrè lónìí, àádọ́ta ẹlẹ́dẹ̀ ló wà fún, ó sì gbọ́dọ̀ tán ní ọjọ́ tí a bá ṣí i. Mẹ́fà ni mo ní. Ṣé a ò lè para pọ̀ ra ọ̀kan, kí Dókítà gbé e láti ọgbà kan dé òmíràn?

Bàbá Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ · Ọjọ́bọ̀, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! A ti padà sí ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà nìyẹn. Ìgò tí abẹ́rẹ́ ti wọ̀ nínú ọgbà kan kò gbọdọ̀ dé òmíràn.

Dókítà Àlàbàtà · Ọjọ́bọ̀, 6:45 ìrọ̀lẹ́

Bàbá jàre. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Ọmọ Adìgbẹ́ tọ́, ó sì ń dí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká para pọ̀ rà á, ká má sì para pọ̀ lò ó. Mo máa bi àwọn tó ń tà á bóyá wọ́n lè kó ìgò kékeré wá tí a bá béèrè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ti kékeré kò bá sí, màá fi sírínjì tuntun fa iye tó kan oníkálukú láti inú ìgò ńlá ní ọ́fíìsì mi, nígbà tí n kò tíì wọ ọgbà kankan lọ́jọ́ náà. Sírínjì oníkálukú á wà nínú yìnyín pẹ̀lú orúkọ lára, ẹ máa lò ó láàárín wákàtí díẹ̀, kò sì ní padà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gún un. Màá fi hàn yín lórí fóònù: ọrùn, lẹ́yìn etí, kì í ṣe itan. Abẹ́rẹ́ tuntun fún abo kọ̀ọ̀kan, àti fún ọmọ ìyá kan náà lápapọ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Èyí tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ dúró tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bóyá ọ̀kan á ṣubú tàbí á máa mí gúle gúle, kí ẹ pè mí.

Tó bá jẹ́ oríṣi tó wà láàyè ni a rí rà, ẹ má fi Dẹ́tọ́ọ̀lì tàbí spirit fọ nǹkan kan tó máa kàn án, ẹ má sì gún pẹnisílì tàbí oxytet fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, kó kọ iye abo, akọ àti ọmọ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sísàlẹ̀ yìí. Kó má kọ àdírẹ́sì.

Ọmọ Adìgbẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Abo mẹ́rin, akọ kan, ọmọ kan. Ẹ ṣeun, Dókítà.

Ìyá Ìbejì Ọbańtokò · Ọjọ́bọ̀, 7:03 alẹ́

Abo mẹ́ta, ọmọ mọ́kànlá. Aládùúgbò mi ní abo méjì, ó ní kí n kọ ọ́.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá · Ọjọ́bọ̀, 7:30 alẹ́

Abo méjìlá, akọ kan, ọmọ méjìdínlógún. Méjì nínú àwọn abo máa bímọ láàárín oṣù yìí, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá fún ọ̀kan. Dókítà, ṣé kí n gún òun náà ni, àbí kí n jẹ́ kó bí ná?

Dókítà Àlàbàtà · Ọjọ́bọ̀, 7:41 alẹ́

Ẹ jẹ́ kó bí. Ẹ má dà á láàmú báyìí. Kí ẹ tó já ọmọ lẹ́nu ọmú ni kí ẹ gún un, kó tó tún padà sọ́dọ̀ akọ. Ti ìkejì, ẹ wo ìwé yín, ẹ sọ ọjọ́ tó gùn fún mi.